Yàrá Ta Ni Okùn Yóò Kọ́kọ́ Dé?

Ẹni tó bá ní òun mọ okùn tẹlifóònù fà, kó lọ fà á nílé olóbìnrin méjì ká wò ó. Kabirou rò pé òun mọ̀ ọ́n fà. Parakou ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ fi àdúrà tú u sílẹ̀, ó padà sí Bassila, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, rédíò tó ti dákẹ́ àti ṣájà tó ti jóná ni àwọn ènìyàn ń gbé wá fún un. Ilé Àlájì Daouda ní Manigri ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè é sí pé kó wá fi tẹlifóònù sí yàrá dé yàrá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Oníkajú ni Àlájì Daouda. Màgásìnì tó ń kó kajú sí wà létí títì, yàrá àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́yìn, nínú agboolé gígùn kan. Orúnkún ń dun Àlájì. Bó bá fẹ́ omi, bó bá fẹ́ oúnjẹ, àfi kó rìn tàbí kó pariwo. Tẹlifóònù ọwọ́ wà lóòótọ́, àmọ́ ti ìyáálé máa ń wà nísàlẹ̀ àpò, ti ìyàwó máa ń wà lọ́wọ́ ọmọ, kò sì sí èyí tí iná ń wà nínú rẹ̀ nínú méjèèjì. Ni Àlájì bá lọ ra tẹlifóònù olókùn ní Cotonou, ọ̀kan fún màgásìnì, ọ̀kan fún ìyáálé, ọ̀kan fún ìyàwó. Ó ní ohun tí a bá ti kàn mọ́ ògiri kì í sọnù sínú àpò.

Kí ó tó lọ sí Bassila láàárọ̀, ó pe Kabirou sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ilé òun kò ní ìjà, òun kò sì fẹ́ ra ìjà mọ́ tẹlifóònù. Bí òun bá dé tí inú ìyàwó méjèèjì dùn, òun yóò mú un lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn oníkajú ẹgbẹ́ òun. Bí ẹyọ ọ̀kan péré bá ráhùn, kí Kabirou tú okùn rẹ̀, kí ó ká a, kí ó máa gbé e lọ sílé. Kabirou rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àlájì fọkàn balẹ̀, pé kí ló kan okùn kan obìnrin.

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ kúrò láàárín orí, ó ti fa okùn láti màgásìnì, ó ti mú un gba abẹ́ páànù, ó ti kọjá kànga, ó wá dúró lórí àkàbà níwájú yàrá Zouléha, ìyàwó kékeré. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣó wà láàárín ètè rẹ̀. Lamatou, ìyáálé, gbé àpótí rẹ̀ wá síbi òjìji, ó gbé àwo ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó kí i kú iṣẹ́, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ìyàwó, ó bèèrè ìyá tó bí i. Kabirou fi ìṣó lẹ́nu dáhùn gbogbo rẹ̀.

“Okùn yẹn, ọmọ mi, ibo ló ń lọ?”

“Yàrá Ìyàwó ni, Ìyá. Bó bá kúrò níbẹ̀, yóò wá sí tiyín.”

Lamatou pa ẹ̀gúsí kan, ó pa ìkejì.

“Tún un wí kí n gbọ́.”

Kabirou yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, ó tún un wí. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ júwe ọ̀nà tí okùn yóò gbà, bí ẹni ń júwe ọ̀nà oko fún àlejò.

“Ó yé mi,” Lamatou wí. “Ohun tí kò yé mi ni pé nígbà wo ni nǹkan ti kọ́kọ́ wọ yàrá Zouléha nílé yìí, kó tó wá wọ tèmi.”

“Ìyá, yàrá tiwọn ló sún mọ́ títì.”

“Mo mọ̀. Ó tún sún mọ́ ọ̀dọ̀ alápatà. Bí Àlájì bá ra ẹran, ẹran náà máa ń gba iwájú yàrá Zouléha kọjá, kò ní yà, ọ̀dọ̀ mi ni yóò dé tààrà. Èmi ni màá gé e, èmi ni màá pín in. Ẹran kò lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà. Okùn tìẹ ńkọ́?”

Kabirou sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan lórí àkàbà. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ ní Parakou. Àwọn kan ní okùn ń fa mànàmáná, àwọn kan ní eku yóò jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé okùn ń rí ènìyàn fín. Ó pinnu pé ìmọ̀ ni yóò fi borí. Ó ṣàlàyé fún Lamatou pé ohùn tó wà nínú okùn kì í rìn, ńṣe ló ń fò, àti pé kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó kọ́kọ́ dé.

“Kí ẹ tó ṣẹ́jú, Ìyá, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì.”

“Lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Lẹ́ẹ̀kan náà gan-an.”

“Ìyẹn ló wá burú jù.”

Ó gbé àwo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé ọmọkùnrin yìí dáadáa. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé Zouléha wá láti Alédjo, òun ti bí Rabiatou, Rabiatou ti ń rìn, ó ti ń jẹ́ iṣẹ́. Òun lòun ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó, òun lòun bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wá ń gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, kí ni wọ́n ń pe ara wọn ní ìyáálé àti ìyàwó fún? Kí wọ́n kúkú máa pe ara wọn ní ọ̀rẹ́.

Kabirou wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ó dáa, òun yóò gbé okùn náà gba orí ilẹ̀kùn Ìyàwó kọjá láìwọlé, yóò lọ bá Ìyá ná, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ́rí padà. Lamatou ní ọmọ tí a kọ́ tó gbà ni. Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, Kabirou sì tú okùn tó kù sílẹ̀, ó na apá, ó ń fi apá wọ̀n ọ́n lọ. Ó wọ̀n ọ́n dé yàrá Lamatou, ó tó. Ó wọ̀n ọ́n padà bọ̀, okùn tán lẹ́nu ilé ìdáná.

Ó wo okùn, ó wo ilé ìdáná, ó tún wo okùn.

“Kí ló dé?” Lamatou bèèrè.

“Kò dé yàrá Ìyàwó, Ìyá. Ilé ìdáná ló tán sí.”

“Kàn án síbẹ̀ fún un.”

“Lórí iná?”

“Ibẹ̀ náà ló ń wà ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án láti dáná.”

“Tí kò bá kàn án ńkọ́?”

“Èmi ló wà nídìí ìkòkò nìyẹn, èmi yóò bá a dá a lóhùn.”

Kabirou rò ó wò. Ó rí Zouléha lọ́kàn rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀, tó ń fi ìkejì gbé tẹlifóònù sétí, tí èéfín ń bo ojú rẹ̀. Ó tún rí Àlájì tó ń gbọ́ ìráhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ara rẹ̀, tó ká okùn sọ́rùn, tó ń wá ọkọ̀ lọ sí Bassila. Ó sọ fún Lamatou pé ìyẹn kò lè ṣeé ṣe, pé inú ẹni méjèèjì ni Àlájì ní kó dùn. Ó ní bí a bá máa rí irú okùn yìí sí i, àfi Parakou, bẹ́ẹ̀ Àlájì ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun alásàrì.

“Nígbà náà, kí Zouléha fún mi ní yàrá rẹ̀, kó wá gba tèmi,” Lamatou wí.

“Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Rárá o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ń gbọ́ mi ni.”

Kabirou jókòó sórí ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ àkàbà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì fi pa mọ́. Àánú ṣe Lamatou. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé iṣu sísun àti epo jáde, ó bu omi tútù tì í. Ó ní kó jẹun, pé ebi kì í jẹ́ kí èèyàn ronú, àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò sì kọ́ ọ ní ìyẹn. Kabirou jẹun. Iṣu náà dùn, ọ̀rọ̀ náà kò sì yanjú síbẹ̀.

Lamatou gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Má bínú sí mi, ọmọ mi. Kì í ṣe okùn ni mò ń bá jà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tí Àlájì bá ilé sọ tí kò gba ọ̀dọ̀ mi. Bí wọ́n bá fẹ́ kí Zouléha lọ kí àwọn òbí rẹ̀, èmi ni wọ́n ń sọ fún, èmi ni màá lọ sọ fún un. Bí inú bá ń bí wọn sí i náà, èmi ni wọ́n ń sọ fún. Màá yọ ìdajì kúrò lójú ọ̀nà kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti ń bá wa gbé tipẹ́, kò tíì gbọ́ odindi ìbínú Àlájì rí. Ìdajì ló mọ̀. Ó rò pé ọkọ jẹ́jẹ́ lòun fẹ́.” Ó mú ẹ̀gúsí kan, kò pa á. “Ìwọ wá fẹ́ fi okùn gbé odindi fún un. Kí ni màá wá máa ṣe nílé yìí?”

Kabirou gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rò pé obìnrin yìí kàn ń fi agídí ṣeré ni. Ó wá rí i pé ohun tí òun ń kàn mọ́ ògiri láti àárọ̀ fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì dùn ún. Ó fẹ́ sọ pé òun á ká okùn náà, òun á máa lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rántí àwọn rédíò tó ń dúró dè é níbẹ̀, ó tún mú iṣu náà. Ọkàn rẹ̀ wá lọ sílé àwọn tirẹ̀, sọ́dọ̀ ẹni tó ti ń fi ọ̀rọ̀ àgbà yọ ọ́ lẹ́nu láti kékeré.

“Ìyá, ìbejì ni mí.”

“Ìwọ?” Lamatou wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó kí i ní kíkí ìbejì, ó ní Ọlọ́run á wo àwọn méjèèjì. “Ìkejì rẹ ńkọ́?”

“Kadidjatou ni orúkọ rẹ̀. Bassila lòun náà wà. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde.”

“Ìwọ ni Táyé nìyẹn.”

“Èmi ni. Ta wá ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?”

Lamatou wò ó bí ẹni tó bèèrè apá ibi tí oòrùn ń gbà là.

“Kadidjatou ni, kí ló tún kù? Kẹ́yìndé ló rán ọ síwájú pé kí o lọ bá òun tọ́ ayé wò.”

“Ó sì ń rán mi títí dòní, Ìyá. Bó bá ti ọjà dé, èmi ni mò ń gbé ẹrù. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń jà, èmi ni mò ń lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, mi ò sì rí nǹkan kan gbà nídìí ẹ̀.”

Lamatou rẹ́rìn-ín. Kabirou jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán, ó nu epo kúrò lọ́wọ́, ó wá fi ìka kan tọ́ka sí okùn tó rọ̀ níwájú yàrá Zouléha.

“Okùn yìí ńkọ́, Ìyá? Tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyàwó, tó wá parí sí ọ̀dọ̀ yín?”

Lamatou gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀. Adìyẹ kan wá ṣa ẹ̀gúsí jẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lé e. Ó wo okùn. Ó wo yàrá Zouléha, ó wo tirẹ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún, níbi tí àgbà ń gbé.

“Ìyẹn ni pé,” ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, “èmi ni mo rán Zouléha síwájú.”

“Ẹ̀yin lẹ rán an.”

“Pé kó bá mi lọ wo ohun tí Àlájì ń sọ.”

“Ohun tó jẹ́ nìyẹn gan-an.”

“Kí ló dé tí o kò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀, tí o ń bá mi sọ̀rọ̀ ohun tó ń fò?”

Kabirou kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti wà lórí àkàbà. Ó kan ìṣó, ó fa okùn wọ yàrá Zouléha. Zouléha, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, kò bèèrè nǹkan kan ju pé kí ó má kàn án sí ọ̀gangan ibi tí ọmọ ń sùn. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó jáde, ó kọjá ilé ìdáná, ó dé yàrá Lamatou, okùn sì ṣẹ́kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Lamatou gbé àwo ẹ̀gúsí àti àwo iṣu tó kù tẹ̀ lé e wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń wò ó.

“Ó máa ń dún?” ó bèèrè.

“Gidigidi, Ìyá. Ẹ óò gbọ́ ọ láti kànga.”

“Tí mo bá ń sùn lọ́sàn-án?”

“Yóò jí yín, kí ẹ lè dìde dáhùn.”

“Èmi?” Lamatou wo yíká yàrá bóyá èèyàn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá wí. Ó bèèrè lọ́wọ́ Kabirou pé bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, tó kágò, ta ló yẹ kó sáré lọ dáhùn, ìyáálé ni àbí ìyàwó. Kabirou ní ìyàwó ni. Ó bèèrè pé tẹlifóònù tó ń dún, kí ló ń ṣe bí kì í bá ṣe pé ó ń kágò. Kabirou ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó sì ti mú ẹmú jáde. Ó tú ìdí ẹ̀rọ náà, ó gé ohun tó ń mú un dún, ó dé e padà. Ẹ̀rọ náà wá wà tónítóní lára ògiri, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Lamatou wò ó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní ó dà bí àgbà.

Inú Kabirou dùn jù, ẹnu tó dùn ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ sì tún ṣí. Ó ní kí Ìyá má bínú, àbùkù kékeré kan wà nínú iṣẹ́ náà tí òun kò fẹ́ fi pa mọ́. Ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí okùn kan ṣoṣo, ohun tó yẹ kó ya wọ́n sọ́tọ̀ kò sí lọ́wọ́ òun báyìí, àmọ́ bí òun bá lọ sí Parakou, òun yóò rà á wá fi sí i.

“Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀?”

“Kò tó nǹkan, Ìyá. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹnì kẹta gbé tirẹ̀, yóò máa gbọ́ wọn.”

Lamatou tú gèlè rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e padà, ó fara balẹ̀.

“Jẹ́ kó yé mi. Àlájì wà ní màgásìnì, wọ́n ń bá Zouléha sọ̀rọ̀. Mo gbé tèmi.”

“Ẹ óò gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

“Tí n kò bá wí nǹkan kan?”

“Wọn ò ní mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.”

“Odindi ni n óò gbọ́, kì í ṣe ìdajì?”

“Odindi, Ìyá. Ìdí tí mo fi fẹ́ tún un ṣe nìyẹn.”

“Ọmọ mi, bó ṣe wà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ. Ìwọ ta ni, tí o máa lọ sí Parakou lọ tún iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe?”

Kabirou ní iṣẹ́ òun ni, kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run, ojú á sì ti òun bí ọ̀gá òun bá rí i. Lamatou ní ọ̀gá rẹ̀ kò mọ ọ̀nà Manigri.

“Ẹ rántí pé Ìyàwó náà lè gbé tiwọn o, nígbà tí Àlájì bá ń bá yín sọ̀rọ̀.”

“Ta ló máa sọ fún un?”

Kabirou wo ẹmú ọwọ́ rẹ̀.

“Kì í ṣe èmi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ọkọ̀ Àlájì létí títì. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn màgásìnì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan dún ní yàrá Zouléha, ó dún débi pé àwọn adìyẹ sá kúrò nídìí kànga. Kabirou na etí. Ohun tó bá ti ẹnu Àlájì jáde báyìí ló máa sọ bóyá iṣẹ́ wà lọ́la tàbí rédíò ló kù. Ìró náà dákẹ́, Zouléha ti gbé e. Lamatou náà fi ìka méjì gbé tirẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìkòkò wò bóyá iṣu ti jinná, ó gbé e sétí.

Ó di ojú. Iwájú orí rẹ̀ hunjọ. Kabirou fi ọwọ́ bèèrè pé kí ni wọ́n ń wí, Lamatou juwọ́ sí i pé kó dúró. Díẹ̀díẹ̀ iwájú orí náà tú. Ó la ojú, ojú náà kún fún omi, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Lójijì ó gbé ẹ̀rọ náà padà sáyè rẹ̀, ó sáré jókòó, ó gbé àwo ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀.

“Kí ni, Ìyá?”

“Rọra sọ̀rọ̀. Àlájì ní kí Zouléha wá pè mí. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ sọ, àwọn ò lè bá a sọ ọ́ àfi kí àwọn kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́.” Ó fi etí gèlè nu ojú. “O gbọ́? Pẹ̀lú tẹlifóònù náà. Àfi kí àwọn kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́.”

“Wọ́n ṣì wà lórí okùn. Ẹ gbé tiyín, kí ẹ dá wọn lóhùn.”

Lamatou wò ó tàánútàánú.

“Kí n gbé e, kí n wí pé mo ti gbọ́?”

Ẹsẹ̀ Zouléha ń bọ̀ lágbàlá. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kágò. Lamatou ń pa ẹ̀gúsí. Ó jẹ́ kó tún kágò lẹ́ẹ̀kejì kó tó dá a lóhùn. Zouléha kúnlẹ̀ níta, ó ní Àlájì ń pe ìyáálé òun lórí tẹlifóònù. Lamatou bèèrè bóyá Àlájì ti dé ni. Lamatou ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó tún ìró ró, ó gbé ìborùn lé èjìká, ó la àgbàlá kọjá ní ìrìn ẹni tó ń lọ kírun ọdún, ó lọ sí yàrá Zouléha lọ gbé tẹlifóònù. Tirẹ̀ wà lára ògiri níwájú Kabirou, okùn kan náà, ohùn Àlájì sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ń yún Kabirou. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Lamatou tó padà. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. Ó ká ìborùn rẹ̀, ó jókòó.

“Kí ni Àlájì fẹ́, Ìyá?”

“Iyán ni wọ́n fẹ́ jẹ lálẹ́. Zouléha ló kàn láti gún un, wọ́n ní kí n sọ fún un.”

“Ẹ ti sọ fún Ìyàwó?”

“Mo ti sọ fún un.”

“Ṣé wọn ò gbọ́ tẹ́lẹ̀? Wọ́n dúró tì yín.”

“Ó dúró tì mí. Kò tíì gbọ́ títí mo fi sọ fún un.”

Kabirou gbìyànjú láti farabalẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ó bèèrè bóyá Àlájì sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ òun. Lamatou ní ó sọ ọ́. Ó ní Àlájì bèèrè bóyá inú òun àti Zouléha dùn, òun sì ti dáhùn fún àwọn méjèèjì pé ó dùn. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń kọ Àlájì lóminú.

“Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń bá Zouléha sọ̀rọ̀, àwọn gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lórí okùn.”

Kabirou wo ẹ̀rọ ara ògiri.

“Kí lẹ wá sọ, Ìyá?”

“Mo ní ìwọ ni.”

“Èmi?”

“Mo ní ò ń dán iṣẹ́ rẹ wò ni. Inú wọ́n dùn débi pé wọ́n ń súre fún ọ. Wọ́n ní oníṣẹ́ tí kì í gba iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ títí yóò fi fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n. Lọ́la ni wọ́n ń mú ọ lọ sílé Àlájì Aboubakar, oníkajú ẹgbẹ́ wọn.”

Kabirou dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá náà, eruku bo aṣọ tó fọ̀ wá. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Lórí ilẹ̀ náà ló wà tó fi bèèrè pé ẹ̀rọ mélòó ni òun yóò mú dání lọ.

“Márùn-ún,” Lamatou wí, ó sì fa àwo iṣu tó kù sún mọ́ ọn. “Ìyàwó mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọmọ mi. Jẹun yó kí o tó lọ.”